Búrọ́ọ̀ṣì Inú Àpò

Ọmọdé ló ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń ṣe bísíkíìtì lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì, ẹnu rẹ̀ ò sì dúró. Nítorí ẹnu tí kì í dúró yìí ni bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Ẹ̀gà, gbogbo àdúgbò sì ti gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn.

"Àǹtí, bọ́tà yẹn ò tíì funfun. Mọ́mì máa ń pò ó pẹ̀lú ṣúgà títí á fi funfun ni."

"Mo ti ń pò ó láti àná, Ẹ̀gà. Apá mi ti fẹ́ já."

"Irọ́ ni. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó tún ṣíbí igi náà dì mú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ́rẹ́, ó mọ sísọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àjèjì ló jẹ́ sí ìyẹ̀fun. Ọdún tó kọjá ló fẹ́ bàbá Ẹ̀gà, lẹ́yìn tí ìyá ọmọ náà ti dolóògbé. Ilé búrẹ́dì ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ọkùnrin náà kì í sì í fọwọ́ kan ìyẹ̀fun mọ́ tó bá ti délé. Ó ní ẹni tó ń fọ aṣọ aláṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé ó tún máa dé ilé kó máa fọ aṣọ ni?

Bísíkíìtì yìí kì í ṣe ìpanu lásán. Ẹ̀gà ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹyin. Bí ẹyin bá kan ètè rẹ̀, ètè á wú, ọ̀nà ọ̀fun á sì fẹ́ dí. "Ẹyẹ tí kò gbọdọ̀ dé ìdí ẹyin," bàbá rẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, "irú ẹyẹ wo nìyẹn?" Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lóṣù tó kọjá, nígbà tí oníbàárà kan gbé kéèkì wá sí yàrá ìránṣọ, tí Ẹ̀gà bù ú sẹ́nu nígbà tí ojú Aránṣọ wà lórí ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn mọ́jú.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá Ẹ̀gà, kò pariwo nígbà tó gbọ́. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù tutù ju kí ó pariwo lọ. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ó sì ti lọ. Èyí ló kù mí kù. Ní Sátidé, mò ń bọ̀ wá fojú ara mi wo ilé yín. Bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, mà á di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, ó di ilé mi."

Sátidé ọ̀hún nìyí. Aránṣọ sì mọ̀ pé bí Ìyá Àgbà bá ní kí Ẹ̀gà dìde, ọkọ òun ò ní í lè sọ pé kó jókòó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, ojú ìyá náà ni kò lè wò.

Ohun kan wà tí Aránṣọ kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń ránṣọ tí ọ̀sán sì dákẹ́, ó máa ń fọkàn rò ó pé Ẹ̀gà á ti ilé ìwé dé, á ju báàgì sílẹ̀, á ṣèèṣì pe òun ní Mọ́mì. Òun á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí ọmọ má baà ta jí kó sì tún un sọ. Òun á kàn máa tẹ ẹ̀rọ lọ. Àlá ojú-ṣíṣí ni, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí Ìyá Àgbà bá mú ọmọ lọ, ta ni òun á máa fi lá a?

Ìdí nìyẹn tó fi ní kí Ẹ̀gà kọ́ òun ní bísíkíìtì ìyá rẹ̀, èyí tí kò lẹ́yin nínú.

Wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, wọ́n da páúdà tó ń mú kéèkì wú sí i, àti iyọ̀ ìwọ̀nba. Mílíìkì ló rọ́pò ẹyin, ṣíbí kan, ó tún di ṣíbí kan, títí gbogbo rẹ̀ fi so mọ́ra. Wọ́n gbé e sínú fíríìjì kó le díẹ̀. Nígbà tó jáde, wọ́n ń yí i roboto láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì ń yí i nínú ṣúgà tí wọ́n ti po sínámónì mọ́.

"Ẹ wá fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́. Àǹtí! Pẹ̀lẹ́ o! Kì í ṣe aáyán lẹ̀ ń pa!"

Tíréè àkọ́kọ́ ti jáde nínú ààrò, èkejì wà lórí tábìlì tó ń dúró de tirẹ̀, nígbà tí bàbá Ẹ̀gà ti ibi iṣẹ́ wọlé pẹ̀lú òórùn búrẹ́dì lára aṣọ. Ẹ̀gà fò mọ́ ọn bó ṣe máa ń ṣe, ó ki imú bọ àyà rẹ̀, ó sì fà á símú. Bàbá náà fi àpò rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa àpò yìí. Nílé búrẹ́dì wọn, búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ẹyin sójú búrẹ́dì kí ó lè dán kì í sùn síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ló máa bá a lọ́jọ́ kejì, irun rẹ̀ á sì ti já dà nù. Nítorí náà, oníkálukú ń ṣan tirẹ̀, á fi ọ̀rá wé e, á gbé e relé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ti bàbá Ẹ̀gà kì í kọjá ìṣó ẹnu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà.

Ó wo bísíkíìtì tó ti jinná. "Ìyàwó, kí ló dé tí ojú wọn gbẹ báyìí, bí ẹsẹ̀ tí ò mọ ìpara?"

"Tọ́ ọ wò ná kó o tó bú u."

Ó tọ́ ọ wò. "Ó dùn. Mi ò purọ́, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ Ìyá. Ohun tí ò bá wu ojú wọn, ẹnu wọn ò ní í dé ibẹ̀."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti gbọ́ kíkàn ilẹ̀kùn. Aránṣọ nu ọwọ́ sára aṣọ. "Jọ̀ọ́, bá mi ti tíréè kejì bọ ààrò," ó wí, ó sì jáde lọ ṣílẹ̀kùn, Ẹ̀gà ń sáré tẹ̀ lé e.

Ìyá Àgbà wọlé pẹ̀lú dígí lójú. Ó gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra pẹ́. Lẹ́yìn náà ló jókòó sétí àga bí ẹni tó fẹ́ dìde.

"Ìyàwó."

"Mà."

"Ẹyin wà nínú ilé yìí?"

"Kò sí, Mà. Láti oṣù tó kọjá, kò tíì wọlé."

"Kò tíì wọlé." Ìyá Àgbà tún un sọ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àwọn oníbàárà ẹ ńkọ́?"

"Mo ti lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ wọlé. Ọ̀kan tiẹ̀ ti bínú, ó ní ṣé torí kí òun má jẹ gúgúrú lòun ṣe wá ránṣọ?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ìyá Àgbà, ó yára gbé e mì. Aránṣọ rí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Òórùn sínámónì ti gba gbogbo ilé kan kí bàbá Ẹ̀gà tó gbé àwo jáde, tó sì rọra gbé e síwájú ìyá náà. Ìyá Àgbà mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ dígí.

"Ọmọ mi," ó wí, ohùn rẹ̀ sì yí. "Bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyí. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

Ẹ̀gà náà mú ọ̀kan. Kì í bu bísíkíìtì jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ahọ́n ló fi ń kọ́kọ́ kí i.

Aránṣọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: dán. Ó wo àwo. Àwọn kan gbẹ, bí òun ṣe ṣe wọ́n. Àwọn kan ń dán. Ó mọ dídán. Ó mọ ti aṣọ tuntun, ó mọ ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bà jẹ́. Lójú àwọn tó ń dán yìí, ó rí ìlà wẹ́wẹ́ tó tò bí irun. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì nílé ìdáná òun. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ilé, ẹnu àpò tó wà lára ìṣó sì ṣí sílẹ̀ gbàù.

Kò mọ ìgbà tó fò dìde. Ó gbá bísíkíìtì kúrò lọ́wọ́ ọmọ, ó lọ fọ́ sára ògiri. Ẹ̀gà figbe ta.

"Lójú mi?" Ìyá Àgbà ti dìde. "Lójú mi báyìí lo ti gbá ọmọ lọ́wọ́? Bí mi ò bá sí ńlẹ̀ ńkọ́?"

Bàbá Ẹ̀gà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àwo, ó wo ìṣó.

Irọ́ kan wá bá Aránṣọ, irọ́ kékeré tó mọ́ tónítóní. *Ó gbóná, Mà. Ẹ̀rù bà mí kó má jó o.* Ìyá Àgbà á bú u díẹ̀, á sì gbà. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹyin tún ti wọlé. Ọmọ ò ní í lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ahọ́n ọmọ ti kan ṣúgà yẹn. Bí òun bá ní ó gbóná, ta ló máa ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀?

"Ẹyin ni, Mà. Ẹyin wà lára búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kùn ún. Ẹ̀gà, la ẹnu. Ṣé o gbé nǹkan mì?"

"Mo kàn lá a ni," ọmọ náà ń sunkún.

"Mílíìkì ni mo fi kùn ún," ohùn ọkọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. "Mílíìkì lásán. Mo ti ṣan búrọ́ọ̀ṣì yẹn."

"Pẹ̀lú omi tútù, láìsí ọṣẹ," Aránṣọ wí.

Ọwọ́ tó ti ń kun ojú búrẹ́dì láti ìgbà èwe kì í bi orí léèrè kó tó ṣiṣẹ́.

Oògùn tí dókítà fún wọn kì í jìnnà sí Aránṣọ. Ó ti rán àpò kékeré fún un, ó sì ń fi kọ́ ọrùn pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ. Ó fún ọmọ lò. Ètè ìsàlẹ̀ ti ń wú. Bàbá Ẹ̀gà ti sá jáde lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ní mọ́tò.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní ó dáa pé wọn ò fi falẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa wò ó. Àwọn obìnrin méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àyè ẹnì kan wà láàárín wọn. Bàbá Ẹ̀gà dúró lọ́nà jíjìn, lẹ́bàá fèrèsé.

Ó pẹ́ kí Ìyá Àgbà tó la àtẹ́lẹwọ́. Bísíkíìtì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́.

"Èkejì lèyí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Mo gbé e sójú, mo fi dígí wò ó. Mo ní ó ń dán. Ká ní ilé mi ni, mà á ti ní kó jẹ ẹ́. Mà á tiẹ̀ ti fi ọwọ́ ara mi fún un." Ó gbọn èérún náà sínú áńkáṣíìfù, ó dì í. "Má rò pé mo fẹ́ràn ẹ o. Mi ò fẹ́ràn ẹ."

"Mo mọ̀, Mà."

"Ṣùgbọ́n ojú ẹ ríran, tèmi ti ń ṣú. Kó máa gbé lọ́dọ̀ ẹ. Mà á máa wá. Mi ò sì ní í pè yín kí n tó wá."

Aránṣọ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ọkọ rẹ̀ ṣì dúró ní fèrèsé. Kò sẹ́ni tó pè é kó wá jókòó.

Ètè Ẹ̀gà ti padà sípò nígbà tí wọ́n délé nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ já àpò kúrò lára ìṣó, ó gbé e jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀, ó lọ sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí ojú pópó. Ó padà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó la apá méjèèjì.

Ẹ̀gà kò fò. Ó dúró sẹ́yìn Aránṣọ, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Bàbá, ṣé ẹ ti fọwọ́?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó gbé e wá hàn án, omi ń kán sílẹ̀.

"Ẹ tún un fọ̀."

Ó padà lọ. Wọ́n gbọ́ omi tó ń dà, wọ́n gbọ́ ọṣẹ tó já bọ́, tí ó sì tún un mú. Ẹ̀gà fa aṣọ Aránṣọ.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ wò ó. Ẹ wò ó bóyá ó mọ́."

Aránṣọ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ ló kọ sí i, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ti fọ ọwọ́ náà mọ́ kọjá mímọ́, ó ṣì ń fọ̀ ọ́, obìnrin náà kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ fún un pé ó tó.