Àmì Kan Tó Kù Lórí Orúkọ Bàbá

Kó. Kó. Lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa èémí sínú. Lẹ́yìn náà, kó! ẹyọ kan péré. Bí òòlù bàbá Melchor, agbẹ́kúta, ṣe máa ń dún nìyẹn tó bá gbẹ́ lẹ́tà tán, tó wá fẹ́ fi àmì lé e lórí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Melchor Terrón fi gbé Buenos Aires lókè òkun, ìró yẹn ló sì ń jí i láràárọ̀.

Lówùúrọ̀ yìí, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Macael, ìlú tí wọ́n bí i sí, ó gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí itẹ́ òkú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Á wo sàréè bàbá rẹ̀, á bá bọ́ọ̀sì ọ̀sán padà, Eladio ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì ní gbọ́.

Ní Macael, àwọn tó ń gbẹ́ òkúta funfun kì í gbẹ́ orúkọ òkú tán. Wọ́n á gbẹ́ gbogbo lẹ́tà, wọ́n á fi àmì orí wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ òkú ló ń lu ìyẹn fúnra wọn lọ́jọ́ ìsìnkú, lójú gbogbo ìlú. Nígbà tí Begoña ìyá wọn kú, Melchor ni wọ́n gbé òòlù lé lọ́wọ́ kó gbẹ́ ìlà wíwọ́ tó ń gun orí N inú orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Irin ìgbẹ́kúta yọ̀, èjìká N sì ya dànù.

"Ọwọ́ burúkú!" Eladio jágbe mọ́ ọn níwájú èrò. "O ti ba òkúta ìyá wa jẹ́!"

Melchor ju òòlù sílẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti kúrò nílùú. Nígbà tí bàbá náà wá kú lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, Eladio kọ̀wé sí i: GINÉS TERRÓN, àmì méjì, ọmọ méjì, máa bọ̀. Kò fèsì. Ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun á lu méjèèjì, pé bẹ́ẹ̀ ni Eladio sì ṣe fẹ́ ẹ.

Nísinsìnyí ó kúnlẹ̀ níwájú òkúta bàbá. Àmì wà lórí E. Orí O kò ní nǹkan kan.

Ọdún mọ́kànlá! Ginés Terrón, ọ̀gá tó máa ń lé ọmọṣẹ́ jáde nítorí àmì kan ṣoṣo, orúkọ tirẹ̀ ló wá wà níhòòhò lójú ayé.

Ó na ọwọ́ sí i. Ìgbà náà ló rí i pé ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ìlà náà ṣì dúdú, òjò kò tíì kàn án.

"Ẹ má pa á rẹ́ o!"

Remedios, obìnrin tó ń tọ́jú itẹ́ òkú náà, ló ń bọ̀ tòun ti korobá. Ó wo ọwọ́ tó nà, ó gbé korobá kalẹ̀.

"Ọwọ́ òsì. Yéè! Ẹ̀yin ni Melchor."

"Ta ló fa ìlà yìí?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀gbọ́n yín ni. Tí òjò bá ti fọ̀ ọ́ nù, wọ́n á tún gun òkè yìí wá tàwọn tọ̀pá. Agbẹ́kúta kan láti ìlú kejì ní òun á bá wọn lu àmì náà, ọ̀pá yẹn náà ni wọ́n fi lé e jáde!" Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Pẹ́ńsùlù la ń pè wọ́n. Wọ́n á ní, 'Ẹni tó ni ín ṣì wà láyé.'"

Melchor yíjú sí òkúta ìyá rẹ̀ nítòsí. Èjìká N tó ya náà wà bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ń nù ún, kò hu ewédò kankan. Ọjọ́ kan péré ni Eladio ì bá fi gbẹ́ òkúta mìíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ọ̀sán fọn fèrè nísàlẹ̀. Kò dìde. Ó yọ lẹ́tà àtijọ́ yẹn látinú àpò, ó wo nọ́ńbà fóònù Eladio tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ìka òsì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí i:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà lọ́dọ̀ bàbá. Ẹ mú òòlù kékeré bọ̀. Ẹ wá bá mi di irin mú, ọwọ́ yìí ṣì ń yọ̀."