Ẹni Tó Ń Bá Opó Du Ìyà

Ẹ-má-ṣèyọnu ni wọ́n ń pe obìnrin aránṣọ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Máṣíìnì tirẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń gbá èèyàn lójú láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sún mọ́ fèrèsé, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

"Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gá. Ó ti mọ́ mi lára."

Bí oníbàárà bá wọlé lọ́sàn-án, á nu òógùn ojú, á mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí ibi tí wọ́n fi èèyàn sí? Ẹni tí kò ní baba ní ìgbẹ́jọ́, bó ro ẹjọ́ àre, ẹ̀bi náà ni yóò jẹ." Oníbàárà á ní pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ yẹn ni oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀.

Nílé, bí ọkọ rẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe kiri, bá fọ abọ́, ìyàwó á tún un fọ̀, á wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù: "Èmi nìkan ni mo ń dá gbogbo iṣẹ́ ilé yìí ṣe." Ọkọ á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ tútù lọ́wọ́, á máa gbọ́ bí òun ṣe ya ọ̀lẹ tó.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ tí Ọ̀gá fi gba aránṣọ tuntun kan. Ọkọ ẹni yìí kú ní òjò èṣí, ó sì fi ọmọ kan sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n opó yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jìyà rárá. Ìdí fèrèsé ló béèrè fún, ó ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n fún un lómi tútù, ó gbà á, ó mu ún, ó dúpẹ́. Bí nǹkan bá pa á lẹ́rìn-ín, á rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníbàárà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ.

Èyí dun Ẹ-má-ṣèyọnu wọra. Lójú tirẹ̀, àlejò ti wá gba oyè mọ́ onílé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, opó ní òjò wọ yàrá àwọn lánàá.

"Tìẹ dára," ni Ẹ-má-ṣèyọnu wí. "Orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ló ti ń jò sí wa lára." Òrùlé ilé wọn kò jò rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni opó dá a lóhùn, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Ẹ-má-ṣèyọnu di báńdéèjì funfun mọ́ ọwọ́ ọ̀tún wá sí ibi iṣẹ́, láti ọrùn ọwọ́ títí dé orí ìka. Ó ní omi gbígbóná ló dà sí òun lọ́wọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dìde. Ẹni tó ń lọ aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ojú Ẹ-má-ṣèyọnu wá ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Àmọ́ gáùn ìyàwó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n máa wá gbà lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá sì ní, "Máa lọ sinmi nílé. Àbúrò ẹ yìí á bá ẹ parí ẹ̀."

Ìyẹn kọ́ ló bá wá. Ohun tó fẹ́ ni kó máa rán aṣọ lọ, kí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, kó má gbà.

"Ẹ má ṣèyọnu. Màá fi ọwọ́ náà rán an bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ máṣíìnì. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi gbá etí báńdéèjì mú, tó ń fà á lọ pẹ̀lú aṣọ. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Báńdéèjì ń tú, ó ń tú, títí gbogbo rẹ̀ fi dà sórí gáùn. Ọwọ́ jáde. Ó jọ̀lọ̀ bí ọwọ́ ìkókó.

Opó ló dìde, ó fi àlùmọ́gàjí gé báńdéèjì kúrò lára abẹ́rẹ́, ó yẹ gáùn wò bóyá ó ya. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ wẹ́rẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyà tèmi ló wù yín? Tó bá ṣeé dì sínú ọ̀rá ni, ǹ bá ti gbé e fún yín láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹ ì bá gbé bẹ́ẹ̀dì tó ti fẹ̀ jù fún mi náà kún un."

Ẹ-má-ṣèyọnu gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Opó ló parí gáùn náà. Nígbà tí Ẹ-má-ṣèyọnu délé, ó sọ òótọ́ fún ọkọ rẹ̀, torí pé kò rí irọ́ kankan pa mọ́. Ọkọ gbọ́ ọ tán. "Pẹ̀lẹ́," ló wí, tọkàntọkàn. Ó ya obìnrin náà lẹ́nu pé pẹ̀lẹ́ yẹn kò dùn rárá.

Lọ́jọ́ kejì ó padà lọ tọrọ àforíjì. Ó kúnlẹ̀ níwájú opó. Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Opó ní, "Ẹ dìde, ó ti tán." Kò dìde. Ó ní òun kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń ní kó dìde. Ó dojú bolẹ̀, ó figbe ta pé nínú gbogbo aránṣọ ayé, kò sí ẹni tó burú tó òun. Opó ló bu omi wá, opó ló ń nu ojú fún un, opó ló ń sọ pé, "Ẹ mú ọkàn le, ẹ̀gbọ́n mi." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi máṣíìnì sílẹ̀, wọ́n yí i ká.

Àsìkò yìí ni ìyàwó tó ni gáùn wọlé. Ó rí obìnrin tó ń sunkún nílẹ̀, ó rí àwọn tó yí i ká, ó rọra bọ́ fìlà orí rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà," ló wí fún ẹni tó wà nílẹ̀. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ wá wọ aṣọ yín wò."