Ẹ̀rọ Tí Òbúkọ Gbé Mì

Mo lá àlá kan lóru àná tí ojú mi kò tíì kúrò nínú rẹ̀ tán. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín.

Ẹ mọ̀ pé ọdún yìí ni mo máa parí ní yunifásítì, àti pé ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kọ́ wa láti ṣe, irú èyí tí ojú lásán kò lè rí dáadáa. Ẹ̀yin náà lẹ ń bi mí ṣáá pé, "Ìbídùn, iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi èyí ṣe?" Bóyá ìbéèrè yín ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, mo wà ní láàbù wa, mo ń to ẹ̀rọ kan jọ lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Nígbà tí mo parí rẹ̀, kò ju hóró iyọ̀ lọ. Ó sín. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mọ́mì. Níbo là ń lọ?"

Mo ní, "À ń wá iṣẹ́ lọ."

Kò yà mí lẹ́nu pé ó ń sọ̀rọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò rí fìlà tó bá orí rẹ̀ mu.

Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, a jáde. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbani síṣẹ́ ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lókè igi máńgò bí ìkùukùu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra sọ̀kalẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ọ̀gá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ní, "Wá bá wa ṣe fóònù tó máa wọnú eyín."

Obìnrin tó jókòó tì í ní, "Má dá a lóhùn. Sátẹ́láìtì tí kò ju ẹ̀pà lọ làwa ń jù sójú ọ̀run."

Ọ̀gá àgbà, Alàgbà Fágbohùn, ló ṣe ìkẹta. Wọ́n kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ. Díẹ̀díẹ̀ irùngbọ̀n wọn gùn, ìwo yọ lórí wọn, wọ́n di òbúkọ, táì sì wà lọ́rùn wọn síbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà."

Òbúkọ náà lá àtẹ́lẹwọ́ mi, ó gbé ẹ̀rọ mi mì.

Gbogbo ọdún tí mo fi kàwé ti wọ ikùn òbúkọ! Mo gbé etí lé ìhà rẹ̀, mo pariwo, "Ọmọ mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà, mọ́mì," ó dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. "Ọkàn bàbá yìí ló ti rẹ̀. Mo ń bá a ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara."

Obìnrin yẹn pàtẹ́wọ́. "Abájọ! Nítorí pé ọ̀gá wa ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ la ṣe jẹ́ kí ọ́fíìsì máa fò."

Òbúkọ náà mí kanlẹ̀. Ìwo rẹ̀ já bọ́ bí ewé. Alàgbà Fágbohùn dìde, wọ́n fọwọ́ lé àyà, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lo fẹ́?"

"Èyí tí ẹ̀rọ mi ń ṣe nínú yín yẹn ni, sà. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́ máa ṣe fáwọn tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú."

"Ẹ máa lọ, mọ́mì," ni ẹ̀rọ náà wí. "Èmi ti wà níbi iṣẹ́."

Bí mo ṣe lajú nìyẹn. Ilẹ̀ ti mọ́. Èèrà kan ń wọ́ èérún búrẹ́dì kọjá lórí ìrọ̀rí mi. Mo gbé orí kúrò lọ́nà fún un, mo kí i kú iṣẹ́, mo sì dúró díẹ̀, bóyá ó máa dáhùn.