Ẹ̀rọ Màámi Kò Jí

Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí bọ́tìnnì nígbà tó rí i pé fèrèsé ojú kọ̀ǹpútà tó tẹ àṣẹ sí kọ́ ló yẹ kó tẹ̀ ẹ́ sí.

"Yéè!" ó ní.

Fèrèsé dúdú méjì ló ṣí sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà ńlá rẹ̀. Ti apá òsì ń bá pátákó kékeré orí tábìlì sọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà oníhòòhò kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí kò ní àpótí, tí gbogbo ìfun rẹ̀ wà níta. Ti apá ọ̀tún ń bá kọ̀ǹpútà alágbèéká ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irú ọpọlọ kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ọpọlọ ARM, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú fóònù, ṣùgbọ́n ìrántí wọn yàtọ̀, iná tí wọ́n ń jẹ kò sì dọ́gba. Ètò tó kọ fún pátákó kékeré ló ti lọ jókòó sínú kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀ báyìí, ó sì ti lé onílé jáde.

Ó tan kọ̀ǹpútà ìyá rẹ̀. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́jú, ó sì kú. Ó tún un tàn. Fèrèsé apá ọ̀tún kò kọ ohunkóhun, kò tilẹ̀ kọ ẹyọ lẹ́tà kan.

Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyí o. Kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ni òun, ètò kékeré kan ní láti kọ́kọ́ jí i, kó sọ fún un pé ìrántí rẹ nìyí, ojú rẹ nìyí, ó yá, dìde. Búùtìlódà ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Òun àti àwọn kan tí wọn kò fojú kan ara wọn rí ni wọ́n jọ ń kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tuntun kún àwọn tí ètò náà lè jí. Ó ti jí pátákó tí àwọn ẹlòmíràn ti jù sí ààtàn. Ìyá Àjíǹde ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fi hàn lọ. Ìyá Àjíǹde ló wá pa ẹ̀rọ lónìí. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀rọ náà.

Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun fún ìyá rẹ̀, dókítà ti kìlọ̀ pé ohùn lè má padà. Ó gbé máìkì síwájú ìyá rẹ̀ nígbà náà, ìyá náà sì ń ka gbólóhùn sí i títí ó fi rẹ̀ ẹ́: ta ló wà níbẹ̀, omi ti hó, mi ò fẹ́, ṣé o ti jẹun. Ó ra kọ̀ǹpútà fẹ́ẹ́rẹ́ yìí, tí kì í gbóná lórí itan, tí bátìrì rẹ̀ ń tó lò dalẹ́. Ìyá á tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ jáde pẹ̀lú ohùn ìyá fúnra rẹ̀, ohùn dídán tó fi máa ń pè é láti òpin àdúgbò nígbà tó wà lọ́mọdé.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ kógbá sílé, àìsàn sì wọ inú ẹ̀rọ. Láwọn àárọ̀ kan, ó máa ń dúró lágbedeméjì kó tó jí, ojú rẹ̀ á ṣú dùdù. Ìyá á tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù pé, "Ẹ̀rọ ti kọ̀ o," òun náà á fi gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀, á sáré dé. Nígbà tó sú u, ó gbé tábìlì rẹ̀ wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìyá rẹ̀, ó ní òun máa kọ búùtìlódà tuntun fún un, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán pátápátá.

Kò ṣe àdàkọ ohùn náà síbikíbi. Òun tó máa ń jágbe mọ́ àwọn ẹlòmíràn pé ẹ ṣe àdàkọ, ẹ ṣe àdàkọ, òun náà ló ń sọ pé tó bá dọ̀la. Ìrántí tí ohùn wà nínú rẹ̀, wọ́n ti jó o mọ́ ìdí ẹ̀rọ ni, kò ṣe é yọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láti pálọ̀, ó gbọ́ ṣíbí lára kọ́ọ̀bù. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pe ènìyàn nìyẹn tí ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí.

Ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ká aṣọ kan sórí itan, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Télọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì lè jókòó lásán. Ó tẹ́ ọwọ́ òfìfo síwájú: ẹ̀rọ mi dà?

"Ó kù díẹ̀, Màámi. Mo ṣì ń bá a ṣe é."

Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó fọ́ àwo tó ní òun ò fọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Ó tilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, ó pe ọkùnrin tó máa ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò láti ìlú míràn. Tún-un-Ṣe ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí èsì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n fọ̀ nìyẹn.

"Mo ti pa á," ó ní.

"Kí lo pa?"

"Ẹ̀rọ ìyá mi. Mo kọ ètò pátákó sínú ẹ̀."

"Èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yẹn? O ṣe àdàkọ?"

"Mi ò ṣe é."

"Háà, Ìyá Àjíǹde."

"Ẹ má tíì bú mi. Mo ti fi káàdì tí ètò tó tọ́ wà nínú rẹ̀ sí i, kò wò ó. Inú ara rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wò, ìranù tí mo kọ síbẹ̀ ló sì ń gbé mì."

"Ó dáa, gbọ́. Èyí tí wọ́n jó mọ́ inú ọpọlọ náà níbi tí wọ́n ti ṣe é, ìwọ ò lè pa á, èmi náà ò lè pa á. Tó bá wo inú ara rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, á yíjú sí wáyà, á máa dúró de ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, má jẹ́ kó rí nǹkan. Tú u. Ojú irin tíntìntín méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrántí rẹ̀. Fi ẹ̀mú kàn wọ́n pọ̀, tẹ bọ́tìnnì iná, ki wáyà bọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ọwọ́ mélòó lẹ rò pé mo ní?"

"Pe ẹnì kan. Tó bá sì jí, tún àìsàn àárọ̀ yẹn yẹ̀ wò. Mo ti dán irú ẹ̀rọ yẹn wò títí níbí, kò dúró fún mi rí. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣàìsàn."

"Ó ń ṣàìsàn níbí."

"Tún un ṣe," ó ní, ó sì gé e.

Ó dá kọ̀ǹpútà náà dojú délẹ̀, ó tú súkúrù abẹ́ rẹ̀, ó ṣí ikùn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀mú mú, ó fi ìkejì tẹ iná, ó sì fi eyín gbé wáyà. Ẹ̀mú yọ̀. Ó tún un ṣe, wáyà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, lónìí ọwọ́ méjì pàápàá kò gbé e. Ènìyàn kan ṣoṣo ló sì wà nínú ilé tó lè ràn án lọ́wọ́.

"Màámi," ó ní lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi di nǹkan mú."

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó rí ẹ̀rọ tó tú ká sórí tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà.

"Mo ti bà á jẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́." Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ohùn yín wà nínú ẹ̀, Màámi, mi ò sì ní òmíràn."

Ìyá náà kò ṣe bí ẹni tó fẹ́ bú u. Ó fa àga, ó jókòó, ó gba ẹ̀mú náà, ó sì fi í kan ojú irin méjèèjì bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ wá ihò bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin.

"Ibẹ̀ gan-an. Ẹ má jẹ́ kó kúrò o. Ẹ má mira rárá."

"Ìwọ gan-an ni kí o yé gbọ̀n."

Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ wò. Ẹ̀rọ náà dojú délẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ẹ̀mí kankan nínú rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Nígbà náà ló tó wo ìyá rẹ̀, ó sì rí i pé ìyá rẹ̀ ti fi ọwọ́ kejì bo ẹnu, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

Ìyá rẹ̀ rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Màámi?"

"Èmi ni."

Ohùn náà há, ó ń ha bí ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò jọ ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ rárá. Ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láì mọ̀. Kì í ṣe ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé bá a. Ẹ̀rù ló bà á, bí ẹni tí òkú kí ní ọ̀sán gangan.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀."

"Òjò ti dá, Màámi! Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dá! Ẹ wá jẹ́ kí n máa sunkún nílé mi pé ohùn ìyá mi ti lọ?"

"Bó ṣe kọ́kọ́ dé, bí ohùn ẹran ni. Ojú tì mí. Mo ní kó dán díẹ̀ kí n tó jẹ́ kí o gbọ́." Ìyá náà wúkọ́, ó gbé itọ́ mì. "Nígbà tó wá dán díẹ̀, o ti gbé tábìlì rẹ wá."

"Kí ni tábìlì ṣe?"

"Nígbà tí ohùn mi dán bí agogo, tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, kí lo máa ń sọ?"

Ó mọ ohun tó máa ń sọ.

"'Màámi, mò ń pè yín padà.' Ohun tí o máa ń sọ nìyẹn. O ò pè. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀ báyìí, kí omi tíì mi tó hó, wàá ti dé."

Tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dúró sí i létí. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣàìsàn, ni Tún-un-Ṣe wí. Tí òun bá sì dé láàárọ̀, tó tan ẹ̀rọ náà, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló máa ń jí. Ó gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀.

"Màámi. Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ yìí láàárọ̀?"

Ẹ̀mú ni ìyá rẹ̀ ń wò. "Mo máa ń tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Tó bá ti ń jí, màá tẹ̀ ẹ́ títí á fi kú."

Háà! Gbogbo alẹ́ tó fi ń ka iná tí ọpọlọ ń jẹ, gbogbo ètò tó kọ, tó pa rẹ́, tó tún kọ, tí Tún-un-Ṣe dá padà. Inú ọpọlọ ẹ̀rọ ló ti ń wá àìsàn kiri, ìka ìyá rẹ̀ sì ni àìsàn náà. Ó fẹ́ pariwo. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ń wo obìnrin yìí bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ìtìjú sì ń gùn ún bọ̀ láti ẹsẹ̀.

"Ọwọ́ ti ń ro mí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé kí n fi sílẹ̀?"

Àṣé kò tíì mú ẹ̀mú kúrò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ má fi sílẹ̀!" Ó fò dìde, ó tẹ iná, ó ki wáyà bọ̀ ọ́. Fèrèsé apá ọ̀tún dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ìlà kan pé ẹ̀rọ kan ń dúró lórí wáyà. "Ẹ lè gbé e sílẹ̀ báyìí, Màámi."

Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó ń na ìka. Ó jókòó kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà ńlá, kò lè rí ojú rẹ̀. Ọmọ wo fèrèsé, ó tún un wò kó tó tẹ bọ́tìnnì, ètò tó tọ́ sì wọlé sínú ẹ̀rọ tó tọ́. Ìrántí rẹ̀ nìyí. Ojú rẹ̀ nìyí. Lẹ́tà funfun ń ya wá lórí dúdú, ìlà lé ìlà, títí ó fi dé ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe.

"Ṣé ó jí?" ni ohùn líle yẹn béèrè.

Ó wo ìlà tó gbẹ̀yìn náà. Ó na ọwọ́, ó pa ojú kọ̀ǹpútà ńlá.

"Kò tíì jí, Màámi. Ó máa pẹ́ díẹ̀." Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn títí orúnkún wọn fi kan ara. "Kí lẹ fẹ́ sọ fún mi nígbà tí mo ní mò ń pè yín padà?"

Ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀ pẹ́, bó ṣe wò ó ní pálọ̀.

"Ó dáa," ó ní, ó sì wúkọ́ kí ọ̀fun lè là.