Ọ̀nà Tí Irun Àrán Kọ Sí

Blagica gbé jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ rán sójú fèrèsé ilé iṣẹ́ ìránṣọ náà kí gbogbo wọn lè rí i. Apá ọ̀tún dúdú bíi kóró iṣin, apá òsì rí bí ẹni pé wọ́n ku eérú lé e. Àrán kan náà ni, láti inú ìdì kan náà.

"Kí lèyí?" Stojmir, ọ̀gá wọn, bèèrè.

Trajanka, tó ti ń gé aṣọ nílùú Štip fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ló dáhùn. "Aṣọ ló bàjẹ́, ọ̀gá. Oṣù méjì nínú tírélà lẹ́nubodè! Kí lẹ fẹ́ kó dà?"

Irọ́ ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó pa ẹnu dé.

Àrùn tó ń jà káàkiri ayé ti mú kí wọ́n ti bodè pa láti oṣù kẹta. Oníbàárà kan ṣoṣo ló kù tó ń dúró dè wọ́n, ará Jámánì kan, ó sì ti ní bí ẹgbẹ̀ta jákẹ́ẹ̀tì ò bá kúrò ní Štip lọ́jọ́ Ẹtì, òun á wá ibòmíì lọ. Ìyẹn ni Trajanka fi kánjú. Wọn kì í tẹ́ àrán lálọ lábọ̀ lórí tábìlì. Bí wọ́n bá tẹ́ ìpele kan, wọ́n á gé e, wọ́n á gbé ìdì aṣọ padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí irun rẹ̀ lè kọ sọ́nà kan, torí èyí tó kọ sókè máa ń dúdú ju èyí tó kọ sísàlẹ̀ lọ. Òun tẹ́ ẹ lálọ lábọ̀ bí aṣọ lásán, kò tilẹ̀ lẹ nọ́ńbà tó ń fi ìpele kọ̀ọ̀kan hàn mọ́ àwọn ègé náà. Blagica, tí wọ́n jọ tẹ́ ẹ, ti sọ ọ́: "Àǹtí, àrán mà ni o." Trajanka dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gé àrán."

Ní báyìí, Blagica ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Màá pe àwọn tó hun ún," Stojmir ní, ó kọrí sí ọ́fíìsì. "Kí wọ́n wá kó o, kí wọ́n hun òmíràn."

Òmíràn á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Òun àgbà ló wà lọ́jà, òun náà ló tún fẹ́ da ọjà rú. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ gbóná. Ó bá Stojmir nídìí fóònù.

"Ẹ gbé e kalẹ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo tẹ́ ẹ sódì. Aṣọ ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Àǹtí Trajanka?"

"Èmi ni. Ká fọwọ́ pa ègé kọ̀ọ̀kan, ká ṣà wọ́n: èyí tó kọ sókè lọ́tọ̀, èyí tó kọ sísàlẹ̀ lọ́tọ̀. Á di àwọ̀ méjì, ẹ wí fún ará Jámánì náà kó mọ̀. Ṣùgbọ́n a lè bá ọjọ́ Ẹtì."

Ó jáde, ó ń wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ fún àwọn yòókù. Ẹ̀rọ kankan ò dún. Àwọn obìnrin náà ti yí tábìlì ká, wọ́n ń fọwọ́ pa ègé kọ̀ọ̀kan, òkìtì méjì sì ti ga tó ìgbọ̀nwọ́.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká máa fọwọ́ pa á," Blagica ní. "Láti àná la ti mọ̀."

"Ẹ ò sì sọ?"

"Ta ni kó sọ ọ́, Àǹtí? Ta ló tó bẹ́ẹ̀ lójú yín?"

Ìbá sàn kí wọ́n bú u. Ẹnì kan sún díẹ̀, àyè ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Trajanka mú ègé kan, ó fọwọ́ pa á, ó tún un pa. Ọkàn rẹ̀ ò pa pọ̀, kò mọ ibi tí irun àrán náà kọ sí mọ́.

Ó nà án sí Blagica. "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó."