Òpó Mẹ́fà Iwájú Ilé Mi

Ilé tí àwọn ọmọ mi ń kọ́ fún mi ní Ìwó, òpó iwájú àti òrùlé nìkan ló kù. Mi ò fẹ́ ju kí n wọ ibẹ̀ kí ààwẹ̀ tó dé, kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó bá ń kọjá máa kí mi. Àjà kẹrin ni mò ń gbé ní Peckham, ní London. Ẹyẹlé nìkan ló ń kọjá níbẹ̀, wọn kì í kí èèyàn.

Ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Làtíìfù ni àkọ́bí, ó ń wa bọ́ọ̀sì ní Lewisham. Hàlímọ̀tù tẹ̀ lé e, Yaqub sì ni àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé òpó méjì dúró níwájú ilé fún ìyá wọn. Mo ṣàdúrà fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé irú òpó wo ló fẹ́.

Bàrákàt, ọmọ Hàlímọ̀tù, ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì. Òun ló fi ilé òrìṣà àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ hàn wá nínú fóònù. Òrùlé ti lọ, òpó ṣì dúró.

"Oríṣi mẹ́ta ló wà, Grandma. Doric rèé."

Èyí sanra, kò wọ bàtà nídìí, ó kàn dé fìlà pẹlẹbẹ. Èkejì, Ionic, tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ bàtà, ó ní ìwo àgbò méjì lórí. Corinthian ni ẹ̀kẹta, ewé ló kún orí tiẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn wé gèlè. Yaqub mú aláìníbàtà. Hàlímọ̀tù mú oníwo. Làtíìfù ní àkọ́bí lòun, ó mú eléwé.

Oníkálukú wọn wá pe Bàrákàt lọ́tọ̀, pé kó kọ ìwọ̀n tòun bí àwọn Gíríìkì ṣe ń wọ̀n ọ́n gan-an. Ó kọ ọ́. Gíga ti Yaqub, ìlọ́po mẹ́fà ìbú ìdí rẹ̀. Oníwo, mẹ́sàn-án. Eléwé, mẹ́wàá. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ajíbádé, bíríkìlà wa ní Ìwó. Ohun tí wọ́n bá ní kí Ajíbádé ṣe ló máa ń ṣe.

Lọ́sàn-án Sunday, gbogbo wọn ń jẹun lọ́dọ̀ mi ni fídíò Ajíbádé wọlé. Òpó méjì bá ògiri mu. Méjì ga ju ògiri lọ. Méjì ń lọ sókè bí òpó iná.

Làtíìfù pè é. "Ajíbádé, kí lo ṣe yìí?"

"Alàájì, ìdí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ ní ìlọ́po mẹ́wàá, mo kà á pé mẹ́wàá."

Hàlímọ̀tù kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Bàrákàt, o ò lè sọ̀rọ̀?"

"Mummy, ẹ ò sọ fún mi pé ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa wà! Ẹ̀yà kan ni wọ́n máa ń tò síwájú, allow it, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Tèmi bá ògiri mu," ni Yaqub wí, ẹran wà lẹ́nu rẹ̀.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́," ni Làtíìfù wí. "Ìwọ tí òpó ẹ ò ní bàtà."

Ajíbádé ní àwọn káfíńtà fẹ́ kan òrùlé ní Tuesday. Tí wọ́n bá fi lè lọ síbi iṣẹ́ mìíràn, ó di ẹ̀yìn ààwẹ̀. Kí lòun máa ṣe? Gbogbo wọn wò mí.

"Gé wọn," ni mo wí. "Kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti Yaqub."

"Màmá, ẹ fẹ́ bẹ́ òpó mi lórí?"

"Làtíìfù, tí òjò bá dé, ṣé ewé yẹn máa bò mí?"

Ó ronú sí i. "Rárá, ma."

Kò jẹun tán kó tó lọ.

Wọ́n gé e, òrùlé sì jókòó. Bàrákàt ní òpó oníbàtà tí kò lórí, kò sí irú ẹ̀ nínú ìwé kankan. Lọ́jọ́ kẹrin, Làtíìfù wá, ó jókòó, ó pe Ajíbádé lójú mi, ó ní níbo ni orí eléwé méjèèjì wà.

"Wọ́n wà lẹ́bàá ọ̀nà, Alàájì. Ewúrẹ́ ń sùn tì wọ́n."

"Ṣé àwọn èèyàn ń rí i?"

"Wọ́n ń rí i."

Ó ní kó ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló bá mi gbé àpótí sọ̀kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.