Inú Màmá Aránṣọ

Iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ ni kó máa fún ojú lórúkọ. Àwòrán ojú èèyàn á yọ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun á sì tẹ ọ̀kan nínú àmì mẹ́fà: ìdùnnú, ìbínú, ìbànújẹ́, ẹ̀rù, ìyàlẹ́nu, ìríra. Ohun tó bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ á fi kọ́gbọ́n, títí tóun náà á fi lè wo ojú ẹni kó sọ bó ṣe ń ṣe é.

Nígbà tí àwòrán ìbínú ò tó, Jẹ́jẹ́ ṣe ohun tí kò yẹ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Màmá Aránṣọ tó tọ́ ọ dàgbà, ló yọ́ fi fóònù yà nígbà ogójì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú Màmá máa ń le koko tó bá ń ránṣọ. Jẹ́jẹ́ tẹ ìbínú sí gbogbo rẹ̀, kò tọrọ àyè.

Ọjọ́ tí ọ̀gá Jẹ́jẹ́ fẹ́ fi ẹ̀rọ náà han àwọn àlejò ni Màmá Aránṣọ mú kọ́kọ́rọ́ ilé tí Jẹ́jẹ́ gbàgbé wá fún un níbi iṣẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbí, ká fi yín dán an wò," ni ọ̀gá wí.



Màmá jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Ẹ̀rọ ò bèṣù bẹ̀gbà: ÌBÍNÚ.

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín. "Màmá onínúfùfù! Ta ló ṣẹ̀ yín?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. "Ẹ̀yin ọmọ mi, níbo lẹ ti rí inú mi? Ṣebí ojú lẹ̀ ń wò. Inú ní í bíni. Títì lojú máa ń tini."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Jẹ́jẹ́ lọ́kàn. Ìtìjú ò tiẹ̀ sí nínú àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó dìde, ilẹ̀ kọ̀, kò lanu gbé e mì.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò jẹ̀bi. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo jí àwòrán wọn yà ni."

Ọ̀gá ní kó yọ àwòrán ogójèèjì náà kúrò lójú ẹsẹ̀, níṣojú ẹni tó ni ojú. Màmá fa àga sún mọ́ ọn. Jẹ́jẹ́ ṣí àkọ́kọ́.

"Èyí, òwú ni ò wọ abẹ́rẹ́," ni Màmá wí.

Ó pa á rẹ́, ó ṣí òmíràn.

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí níbí yìí."

Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn, tí etí Jẹ́jẹ́ ń gbóná fún ìtìjú. Nígbà tí wọ́n dé ìkẹtàlélógún, Màmá nawọ́ sí i.

"Lọ́jọ́ yìí, mo rí ẹ tó o gbé fóònù sókè. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mo ní bóyá ọmọ mi fẹ́ ní àwòrán mi lọ́wọ́ ni."

Ìka Jẹ́jẹ́ dúró gbagidi.

"Pa á rẹ́," ni Màmá wí. "Ó ṣì ku mẹ́tàdínlógún."